Aṣọ Òjò fún Ìlù Husain

"Àǹtí, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́."

Ayọ̀dàmọ́lá onígìtá ló sọ̀rọ̀. Ó jókòó lórí áńpù, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ jáde, ó ń yí okùn gìtá.  Àṣìkẹ́ tún tẹ nọ́ńbà Husain onílù wọn, ó gbé fóònù sétí. Obìnrin inú fóònù tún sọ ohun tó ti ń sọ láti ọ̀sán, pé nọ́ńbà tí wọ́n ń pè kò lọ. Ohùn obìnrin yẹn tutù bí omi àmù, àfi bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ìlaròó. Wọ́n ti to àga sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn èèyàn sì ti ń wọlé ní méjì-méjì. Lórí pèpéle, gbogbo nǹkan ti wà nípò: máìkì, sípíkà, tùróńpẹ́ẹ̀tì Bàbá Ògúnníyì tó ń dán lórí àga. Ibi tí ìlù kóńgà méjèèjì máa ń dúró sí nìkan ló ṣófo. Àṣìkẹ́ kò fẹ́ wo ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yéé lọ síbẹ̀, bí ahọ́n ṣe máa ń lọ síbi eyín tó yọ.

"Kì í pẹ́ báyìí," ló wí.

"Husain náà kọ́ lẹ ń sọ yìí? Á dé. Bí kì í bá ṣe pé táyà ọ̀kadà jò, á jẹ́ pé ó ń jẹun lọ́wọ́. Ẹni tó lùlù mọ́jú ní Àjàṣẹ́, ṣé ebi ò ní pa á ni?"



Ẹgbẹ́ Olórin Odò Yewa ni wọ́n ń jẹ́, àwọn mẹ́rin péré. Ẹni tí kò bá gbọ́ orin wọn rí, tí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ fún un, á ní àmúlùmálà wo tún rèé. Bàbá Ògúnníyì, tó kọ́ fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń fọn jáàsì àtijọ́, irú èyí tí bàbá rẹ̀ ń gbọ́ lórí gíràmófóònù. Ayọ̀dàmọ́lá ló ni búlúùsì, orin àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, tí gìtá á máa ké bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn rẹ̀. Husain ló wá gbé orin Látìn dé, orin àwọn ará Kúbà tí àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ti sọ di ogún bàbá wọn, tí ìdí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìkẹ́, tó jẹ́ aránṣọ láàárín ọ̀sẹ̀, ló ń fi Yorùbá kọrin lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó sì ń dùn, kí á má purọ́. Ṣùgbọ́n bí fèrè kò bá sí, ọbẹ̀ kò níyọ̀ ni; bí kóńgà kò bá sí, ìkòkò gan-an ló jò.

Alẹ́ Sátidé ni Husain máa ń bá ẹgbẹ́ kan lùlù ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bọ́dà. Ìlù tiwọn ló ń lò níbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, á padà sílé ìyá rẹ̀ ní Tube, ní ìhà tiwa ní bọ́dà, á wẹ̀, á háyà ọ̀kadà, á di ìlù tirẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, á gba ọ̀nà inú igbó já sí Òkè-Ọ̀dàn kó tó bọ́ sí Ìlaròó. Ọ̀nà títì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń dá èèyàn dúró níbẹ̀ pọ̀ ju kòtò lọ.

Bàbá Ògúnníyì ló mú ìròyìn náà dé. Ó ti lọ sẹ́nu géètì lọ kí ọlọ́kọ̀ tó kó mínírà wá, nígbà tó sì padà, kò rìn bó ṣe máa ń rìn. Ó fa Àṣìkẹ́ sẹ́yìn sípíkà.

"Àṣìkẹ́, má pariwo o."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ọlọ́kọ̀ yẹn gba Òkè-Ọ̀dàn wá. Ó ní ìbọn ró nínú igbó ibẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Àwọn kan ní àwọn tó ń lé onífàyàwọ́ ni, àwọn kan ní olè ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní ẹnì kan ṣubú lórí ọ̀kadà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ó ní àpò ìrẹsì méjì ló wà lẹ́yìn ọ̀kadà náà." Bàbá Ògúnníyì na ìka méjì sókè. "Àpò méjì, Àṣìkẹ́. Aṣọ òjò tó o rán fún ìlù wọ̀nyẹn ló sọ sí mi lọ́kàn."

Àṣìkẹ́ tún tẹ nọ́ńbà Husain. Kò tíì lọ.

Òun ló rán an. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, awọ ìlù Husain rin lójú ọ̀nà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n sì fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà yá a níná kó tó lè dún. Àṣìkẹ́ ní irú ẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọmọ bọ́dà sì ni. Ní gbogbo agbègbè yẹn, bí èèyàn bá ń wá ohun tí omi kò ní wọ̀, àpò ìrẹsì òkèèrè ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń nà sí. Wọ́n fi ń bo àgbàdo, wọ́n fi ń dí fèrèsé, wọ́n fi ń rán àpò ìwé fún ọmọ. Ó gba òfìfo àpò lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta ìrẹsì, ó tẹ́ tìmùtìmù sínú, ó fi síìpù sí i, ìlù méjèèjì sì wọ ẹ̀wù. Iṣẹ́ náà gún régé. Ó gún débi pé tí wọ́n bá di ìlù ọ̀hún sẹ́yìn ọ̀kadà, ẹni tó bá wà lókèèrè á búra pé ìrẹsì ni.

Lọ́jọ́ tó kó o fún Husain, ọmọkùnrin náà yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fọwọ́ pa àwòrán òdòdó pupa tó wà lára àpò náà.

"Àǹtí, àpò ìrẹsì rèé..."

"Ṣé dàmáàsìkì lo fẹ́ kí n fi rán an ni? Ìlù rẹ fẹ́ gbéyàwó?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Husain la ẹnu, ó tún pa á dé. "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ló sọ, ó sì gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì ni Ayọ̀dàmọ́lá ní kí wọ́n rán tòun náà fún áńpù òun, Àṣìkẹ́ sì fi ẹ̀rín rán an.

Ní báyìí, lẹ́yìn sípíkà, kò rí nǹkan mìíràn lójú àfi òdòdó pupa yẹn. Ó ń rò ó pé abẹ́rẹ́ òun àti òwú òun ló pa ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wá a," ló wí.

"Níbo? Igbó Òkè-Ọ̀dàn tóbi. Mo ti ní kí ọlọ́kọ̀ yẹn bá mi pe àwọn èèyàn rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ká dúró gbọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá yẹn mọ̀ o."

"Ìyá wo?"

Bàbá Ògúnníyì fi ẹnu júwe. Ní ìlà iwájú, lórí àga tó sún mọ́ pèpéle jù lọ, Ìyá Ìbejì ló jókòó síbẹ̀, Hùmúàní, ìyá tó bí Husain.

 Láti ìgbà tí Husain ti ń lùlù, ìyá yìí kò fẹsẹ̀ kan ibi eré wọn rí. Ìjáàbù funfun ló wọ̀, ó gbé báàgì kan lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbọ́mọ. Àṣìkẹ́ kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, Màmá. A ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

"Kúrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Àárọ̀ ni mo ti wà l'Ìlaròó. Mo wá wo Roheemat, ọmọ àbúrò mi, ó ti bímọ. Mo wá ní kí n yà síbí." Ó wo ojú Àṣìkẹ́. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣeré tán ná."

"Kò gùn." Ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè, ó sì tún padà sínú. "Ó dáa. Husain ńkọ́?"

"Ó... ó wà lọ́nà, Màmá."

"Ó wà lọ́nà." Ìyá Ìbejì tún ọ̀rọ̀ náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tó o bá ti ráyè, wá. Mò ń dúró dè ẹ́."

Àṣìkẹ́ dìde. Ó ti purọ́ fún ìyá arúgbó. Bóyá irọ́ sì kọ́ nìyẹn, nítorí òkú náà lè wà lọ́nà.

Ìyá yìí kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ bá. Hasan àti Husain ni ó bí ní ìbejì, Hasan kò sì sí mọ́. Ní Tube, níbi tí Yorùbá àti Ẹ̀gùn ti ń gbé pọ̀, tí àṣà wọn ti wọnú ara wọn, èèyàn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Ẹni tó bá la ẹnu rẹ̀ pé ó kú, ó ń pe èyí tó kù kó tẹ̀ lé èkejì rẹ̀ nìyẹn. Torí náà, gbogbo ohun tí Àṣìkẹ́ mọ̀ nípa Hasan kò ju pé ó lọ ṣẹ́gi. Bóyá àìsàn ni, bóyá omi ló gbé e, kò sẹ́ni tó sọ, kò sì bèèrè. Ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ, ta ni yóò bèèrè rẹ̀?

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì dé, ó ń fi ọwọ́ nu òógùn. "Màdáámù, àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀."

"Ẹnì kan nínú wa ò tíì dé, sà."

"Ẹ fi èyí tó wà bẹ̀rẹ̀ ná. Tó bá dé, á bá yín."

Bàbá Ògúnníyì wo Àṣìkẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n gun pèpéle, bàbá náà fọn fèrè sókè, gìtá Ayọ̀dàmọ́lá sì dáhùn láti ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àṣìkẹ́ di máìkì mú, ó sì ń ríran kedere: ó rí ẹnu géètì, ó rí ọ̀nà tó lọ sí ọjà, ó rí Ìyá Ìbejì tí kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Orin tó fẹ́ràn jù ni wọ́n fi ń ṣíde eré, orin tó dá fúnra rẹ̀. Ó ní:

*Ọ̀nà o, má gbé wọn mì,*
*ẹni tó wẹsẹ̀ jáde, jẹ́ kó wẹsẹ̀ wọlé.*

Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti kọ ọ́, kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ rí. Lónìí, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ń gbọ́. Kò sí ìlù tó máa gbé e. Gìtá ń ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, Ayọ̀dàmọ́lá ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ kí orin náà má baà sùn, síbẹ̀ ó ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ọkọ̀ tí kò ní ẹrù.

Wọ́n wá dé ibi kan nínú orin náà. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń dákẹ́ lójijì, tí Husain nìkan á máa fi kóńgà sọ̀rọ̀, tí àwọn èèyàn á fi máa hó. Ó ti mọ́ wọn lára jù. Fèrè dákẹ́. Gìtá dákẹ́. Àṣìkẹ́ dákẹ́. Kò sí nǹkan kan tó dún nínú ọgbà náà ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Àwọn èèyàn ń wo ibi tó ṣófo yẹn, wọ́n rò pé ara eré ni.

Ara Àṣìkẹ́ kò gbà á mọ́. Ó gbé máìkì lé ilẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Ayọ̀dàmọ́lá yára bẹ̀rẹ̀ búlúùsì kan tó lọ́ra, tí Bàbá Ògúnníyì sì bá a fọn ọ́n, kí ojú má baà tì wọ́n. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Ìbejì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Kí lo ṣe?"

"Èmi ni mo rán àpò ìrẹsì fún ìlù Husain. Wọ́n ní... wọ́n ní ìbọn ró l'Ókè-Ọ̀dàn. Wọ́n ní ẹnì kan tó di àpò ìrẹsì méjì ṣubú. Mo ń pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Màmá, èmi ni mo pa á."

Ìyá Ìbejì kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé orí Àṣìkẹ́. Ó fi ọwọ́ kejì ṣí báàgì orí itan rẹ̀. Àpò ìrẹsì méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, ó ti nù wọ́n, ó ti ká wọn dáadáa, òdòdó pupa sì wà lókè.

"Lówùúrọ̀ yìí, kí n tó kúrò nílé, kó tó ti Àjàṣẹ́ dé, mo bọ́ wọn lára ìlù náà. Ìró àdìrẹ mi méjì ni mo fi dì wọ́n. Aláró ni, ó hàn ketekete. Kò sẹ́ni tó máa rí i tó máa pè é ní ìrẹsì."

Àṣìkẹ́ wo àpò, ó wo ìyá náà, ó tún wo àpò. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe òun! Ọlọ́run, o ṣeun! Ọlọ́run..."

"Má tíì dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣubú yẹn, òun náà ní ìyá."

 Àṣìkẹ́ nu omijé rẹ̀, ó bèèrè: "Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá, tẹ́ ẹ fi bọ́ ọ?"

Ìyá Ìbejì wo pèpéle. Ó wo àwọn méjì tó ń ṣeré lórí rẹ̀. 

"Hasan kú," ló wí.

Obìnrin kan tó jókòó nítòsí, tó jọ pé ará agbègbè wọn ni, fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ìbejì kò wò ó.

"Kò lọ ṣẹ́gi. Ó kú. Ó bá àwọn kan gbé ìrẹsì gba inú igbó, wọ́n yìnbọn fún un. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, àpò náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi okùn dì. Òdòdó pupa yìí gan-an ló wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sọ ọ́ jáde lẹ́nu rí. Wọ́n ní tí mo bá sọ ọ́, èyí tó kù á tẹ̀ lé e. Husain náà kò sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó gbé iṣẹ́ rẹ wálé, ó gbé e sílẹ̀ láàárín yàrá. Ó wò mí, mo wò ó. A jẹ ẹ̀bà wa, a sùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wò ó tó ń gbé e lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìjáàbù. "Tó o bá ti mọ ohun tó pa Hasan, ṣé wàá rán an?"

"Láéláé, Màmá."

"Ṣé o rí i? Mo pa ẹnu mọ́ kí n lè fi dáàbò bò ó, ẹnu tí mo pa mọ́ ló fẹ́ pa á. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá lónìí nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí ni mo ti ń gbìyànjú, kò jáde."

Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ronú kan ohun kan náà, Àṣìkẹ́ sì rí i lójú ìyá náà bó ṣe ń dé. Bí kì í bá ṣe Husain ló ṣubú, kí ló dé tí kò tíì wá? Bó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni ohun tí àwọn ará Tube ń sọ ńkọ́?

"Mo ti sọ ọ́ báyìí," ni Ìyá Ìbejì wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju èémí lọ. "Àṣìkẹ́, mo ti sọ ọ́. Bí ọmọ yẹn ò bá wọlé, ẹnu mi ló pa á."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Jókòó tì mí."

Àṣìkẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Wọ́n tan iná lórí igi máńgòrò, kòkòrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò yí i ká. Ayọ̀dàmọ́lá àti Bàbá Ògúnníyì parí búlúùsì náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Gbogbo ọ̀kadà tó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ọwọ́ ìyá náà á le. Tó bá ti kọjá, ọwọ́ náà á rọ̀. Àṣìkẹ́ kò mọ àdúrà tó yẹ kó gbà mọ́. Ó kàn ń pe orúkọ Husain nínú ara rẹ̀, bí ẹni ń jí èèyàn lójú oorun.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó kó gbágùúdá ló yà wọ ẹnu géètì. Èèyàn kan fò bọ́ sílẹ̀ láti orí gbágùúdá náà, ó na ọwọ́ sókè, wọ́n sì gbé ìlù méjì fún un. Ọ̀kan wà nínú àdìrẹ aláró. Èkejì wà níhòòhò.

"Husain!"

Àṣìkẹ́ kò mọ bóyá òun ló pariwo ni àbí ìyá rẹ̀. Ìyá Ìbejì ti dìde, ó ti sáré, obìnrin tí orúnkún ń dùn. Ó fọwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀, ó pa àyà, ó pa ẹ̀yìn, ó yí i po bí ẹni ra ẹran lọ́jà. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ti gbẹ.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Kì í ṣe tèmi, Màmá. Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni, mo ní!"

"Ọmọkùnrin kan ni. A bá a nílẹ̀ lójú ọ̀nà, èmi àti ọlọ́kadà tó gbé mi. Ìbọn bà á nítan. Mo fi ìró yín dì í kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ọlọ́kadà mi sì gbé e lọ sí ọsibítù. Kò sáyè fún mi mọ́, mo bá ru ìlù, mo ń fẹsẹ̀ rìn, kí onígbágùúdá yìí tó ṣàánú mi. Iná ti tán lórí fóònù mi láti Àjàṣẹ́." Ó wo Àṣìkẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. "Àǹtí, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má fi àpò òun sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn, ìrẹsì ló ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Ṣé ó ń mí?" ni Ìyá Ìbejì bèèrè.

"Ó ń mí nígbà tí wọ́n gbé e lọ."

"Ọmọ ta ni?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

 Ìyá Ìbejì gbá ojú ọmọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mo ti sọ ọ́, Husain. Mo sọ ti Hasan jáde lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ tán, o sì dé."

Ara Husain le gbagidi. Ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, tí kò sì dá a lójú pé kó wọlé. Nígbà tó yá, ó gbé orí lé èjìká ìyá náà, ó sunkún bí ọmọdé. Àwọn tó wà nínú ọgbà yí ojú sí ibòmíràn.

Wọ́n gbé ìlù gun pèpéle. Husain jókòó tì í, ó na ọwọ́, ó sì tún fà á padà. Ó wo ìlà iwájú.

"Màmá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Lù ú bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Ìbejì wí.

Ó lù ú bẹ́ẹ̀. Ìlù náà kò dún gaara bó ṣe máa ń dún, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, gìtá sì ń dúró dè é. Bàbá Ògúnníyì rọra fọn fèrè lé e lórí. Àṣìkẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ orin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Láàárín orin, ó ń ronú nípa ọmọkùnrin tí kò mọ̀, tí àdìrẹ aláró wà lítan rẹ̀, àti ìyá kan níbì kan tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí gbogbo wọn ti ń dákẹ́, Husain nìkan ló ń lù. Kò sẹ́ni tó hó. Ìyá Ìbejì di ojú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

Eré parí, àwọn èèyàn ń lọ. Wọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọsibítù. Ayọ̀dàmọ́lá, tí kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ nísàlẹ̀ nígbà tó ń ta gìtá, ti ń fi àpò ìrẹsì bo áńpù rẹ̀, ó ń fà síìpù.

"Kí òjò má bá mi lọ́nà," ló ń wí. "Lọ́túnla, ọ̀kadà ni mò ń gbà lọ sí Afọ̀n létí bọ́dà."

Àṣìkẹ́ ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì la àpò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, láàárín òdòdó pupa.

"Àǹtí! Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Jókòó."

Ó gbójú sókè wo Ìyá Ìbejì. Ìyá náà rọra mi orí fún un pé kó máa sọ ọ́. Àṣìkẹ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n Husain ti fa àga sún mọ́ wọn, ó fi ọwọ́ lé orí ìlù tó wà níhòòhò.

"Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́, Àǹtí," ló wí. Ó kọjú sí Ayọ̀dàmọ́lá. "Mo ní èkejì kan. Hasan ni orúkọ rẹ̀. Ó kú. Gbọ́ bó ṣe kú."